Ọ̀dà Pupa Lára Ilé Ògúndípẹ̀

Bradford, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ooru. Ẹ̀gbọ́n mi Akinolúwa ní ooru ọdún yìí ń lé èèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi níhìn-ín, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sùn. Ṣé ara Bàbá le? Ṣé eékún Màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ dáadáa ní Máàsì? Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó tí mo ń ṣe níbí kì í jẹ́ kí n rímú mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sátidé. Mo lọ sí àdúgbò àtijọ́ kan láàárín ìlú yìí, níbi tí àwọn oníṣòwò irun àgùntàn kọ́lé sí láyé ọjọ́un. Wọ́n fún mi ní bébà kan tí wọ́n ya ọ̀nà sí. Ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára ògiri. Kò sẹ́ni tó ń ṣíwájú èèyàn, kò sẹ́ni tó ń pariwo síni létí. Nọ́ńbà ni mo ń tọ̀ láti ilé dé ilé bí ewúrẹ́ tó ń tọ èèpo iṣu, mo ń ka ìtàn ẹni tó kọ́ ọ àti bó ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí mo dé iwájú ilé kan tí wọ́n gbẹ́ kìnnìún sí lẹ́nu ọ̀nà, ilé Ògúndípẹ̀ ní Òdòdé, tí kìnnìún wà lẹ́nu ọ̀nà tòun náà, ló wá sí mi lọ́kàn. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún.

Kí ni tiwọn fi dára ju tiwa lọ? Bí àlejò bá wá sí Ìdànrè, wọ́n á gun òkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sí Àkúrẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wo àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn baba wa fi owó kòkó kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè. Mo ti wá ya ọ̀nà tiwa: láti ilé àwọn àlùfáà àtijọ́, sí kóòtù tí wọn ò lò mọ́, sí ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀, títí dé ilé Ògúndípẹ̀. Ìtàn wọn ti wà lórí fóònù. Àwa ọmọ Ìdànrè tó wà níbí àti àwọn ọ̀rẹ́ wa òyìnbó ń bọ̀ wá rìn ín ní oṣù kẹjọ.

Ohun tó kù ni nọ́ńbà. Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ gún tó tiyín. Ọ̀dà pupa ni kí ẹ lò. Eruku ti bo àwọn ògiri yẹn, àwọ̀ mìíràn ò ní hàn. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílé nínú gúrúùpù Wasáàpù wa. Olúsànmí Ògúndípẹ̀ tó wà l'Ékòó fèsì lójú ẹsẹ̀ pé ó dára.

Ọmọ yín tí àárò ilé ń sọ,
Tẹniọlá


Òdòdé, Ìdànrè
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 2024

Tẹniọlá ọmọ mi,

A rí lẹ́tà rẹ. O kú iṣẹ́, o kú òtútù. Èmi ni mo ń tẹ èsì yìí, torí etí bàbá rẹ kò gba ìpè fóònù mọ́, ó sì ní ojú òun kò gba títẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun ní ìyá kì í dákẹ́ tó bí o ṣe dákẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ti gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

O ti bà mí lọ́kọ jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ sí i létí ló ti di ọkọ ìyàwó tuntun. Ó lọ yọ aṣọ káàkì tó ń wọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ojú títì fún ìjọba, ó ní kí n bá òun lọ̀ ọ́. Ó ra ọ̀dà, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì. Matthias kan náà tí mo ti ń bẹ̀ láti ọdún tó kọjá pé kó bá mi kun ilé ìdáná, tó ní ẹ̀yìn ń ro òun!

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kó kọ́kọ́ wọ ilé kọ̀ọ̀kan lọ, kó kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kó jókòó, kó mu omi wọn, kó tó fọwọ́ kan ògiri wọn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ó ní onílé ti fọwọ́ sí i, Tẹniọlá ló sọ bẹ́ẹ̀. Onílé wà l'Ékòó, ọmọ mi. Ẹni tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Ògúndípẹ̀ láràárọ̀ ni Kùdírátù, ìyàwó Àjàgbé, àwọn ará Ìwó tó ń bá wọn tọ́jú oko kòkó ní Aládé. Lánàá ó bi mí nídìí ẹ̀rọ omi pé, "Ìyá Tíṣà, kí ni Bàbá ń wò lára ilé wa?" Mo ní eré ọmọ mi ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Dá mi lóhùn kíá. Ṣé kí bàbá rẹ dúró ná, kó lọ bá wọn sọ̀rọ̀?

Màmá rẹ,
Bernadette


Bradford
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, kò sí pé à ń dúró. Bí a bá ní ká máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan lọ mu omi, oṣù kẹjọ á bá wa lẹ́nu rẹ̀. Ayálégbé làwọn yẹn, Màmá. Wọn ò ní búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo níbẹ̀. Lónìí wọ́n wà ní Ìdànrè, lọ́la wọ́n lè wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹni tó nilé ti gbà, ó tán.

Ẹ sọ fún Bàbá pé kí nọ́ńbà náà tóbi kó lè ṣeé rí láti ojú títì, kí wọ́n sì fa ìlà roboto yí i ká bíi ti ibí. Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìlú á dùn.

Tẹniọlá


Bradford
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, 2024

Màmá mi,

Ọdún Àjíǹde ti kọjá, ẹ ò kọ̀wé. Mo pe fóònù yín, kò dún. Akinolúwa gbé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Màmá á kọ̀wé sí ẹ," ó sì pa á. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́.

Tẹniọlá


Àkúrẹ́, ní ọsibítù
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, 2024

Tẹniọlá,

Bàbá rẹ wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o tó ka ìyókù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò sí mọ́.

Mi ò lè kí ọ. Jókòó, kí o kà á.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ló kọ nọ́ńbà sára ilé àwọn àlùfáà àti kóòtù, pupa fòò, pẹ̀lú ìlà roboto tí o ní kó fà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú: "Matthias ti tún gbé ọ̀dà rẹ̀ dé o!" O kéré nígbà náà, o ò lè mọ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fẹ títì, bàbá rẹ ni wọ́n rán pé kó sàmì sára àwọn ilé tí wọ́n máa wó. Nọ́ńbà pupa ni, ìlà roboto pupa ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni katakata dé. Ilé baba Dúrójaiyé, aládùúgbò wa, wà lára àwọn tó wó. Àwa tí ilé wa kò wó la gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá rẹ gun àkàbà lára ilé Ògúndípẹ̀. Àjàgbé ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti wá gbọ́ pé irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ sára ilé tó ń gbé ní Àkúrẹ́ rí: àmì láàárọ̀, katakata lọ́sàn-án, gbogbo ẹrù wọn sì wà nínú ilé. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wá ṣàlàyé fún mi." Bàbá rẹ ò gbọ́. O mọ etí rẹ̀. Ó tún ní, "Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀ lára ilé mi." Bàbá rẹ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń súfèé.

Èrò ti pé sídìí àkàbà, Dúrójaiyé ló ta á nípàá. Matthias já lulẹ̀ tòun tọ̀dà. Wọ́n bò ó. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta, wọ́n gbé ọmọ odó lù ú níhà, Dúrójaiyé jókòó lé e láyà, ó ń gbá a lẹ́nu títí eyín iwájú rẹ̀ fi tu. Aládùúgbò wa, Tẹniọlá, ẹni tó máa ń gbé ọ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀! Nígbà tí bàbá rẹ na ọwọ́ sókè láti fi bo orí, àdá Àjàgbé balẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ náà. Awọ nìkan ló mú un dúró. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀dà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Kùdírátù ló dùbúlẹ̀ lé e lórí tí wọn ò fi pa á tán. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà, ó ń ké mọ́ ọkọ rẹ̀ pé, "O ti pa wá, o ti pa wá!" Akinolúwa gbé igi, ó fi fọ́ Dúrójaiyé léjìká. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi nínú.

Mo ṣépè fún Àjàgbé títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ lajú, ó ní ká má fọlọ́pàá mú un. Ó ní, "Mo gun ara ilé èèyàn láì kí i. Bí ẹlòmíràn bá kú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má wá sọ fún mi pé mo yè." Ó ní kí gbogbo wa búra pé a ò ní gbẹ̀san. Èmi àti Akinolúwa ti búra. Ó ku ìwọ. Má ṣe nǹkan kan, má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yìí dá síbi tó dé.

Bernadette


Bradford
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, 2024

Màmá mi,

Níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Ọwọ́ Bàbá! Ọwọ́ tí wọ́n fi di tèmi mú kọ a, b, d!

Ẹ ní kí n búra. Mi ò ní búra. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnì kan ṣèèṣì tẹ Bàbá lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ayálégbé kan gé ọwọ́ bàbá mi lórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń padà lọ sùn síbẹ̀, àwa la ó tún máa káàánú rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ara Bàbá ò yá ni wọ́n fi sọ ohun tí wọ́n sọ, oògùn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo ti kọ̀wé sí Olúsànmí Ògúndípẹ̀. Mo fi fọ́tò tí Akinolúwa yà ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó lé wọn jáde nínú ilé rẹ̀, kó má sì fọwọ́ ẹ̀rọ̀ ṣe é, ohunkóhun tó bá gbà ni kó fún un. Ó fèsì pé òun mọ àwọn ọmọ tó lè ṣe é, pé ó ti pẹ́ tóun ti ń wá bóun ṣe máa gba ilé òun. Ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn náà mọ bó ṣe ń dunni.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ní ọmọ.

Tẹniọlá


Àkúrẹ́
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin, 2024

Tẹniọlá,

Pe Olúsànmí. Pè é báyìí, kí o tó wẹ̀, kí o tó jẹun. Bẹ̀ ẹ́. Mo ti pè é, bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló pa fóònù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àjàgbé wá sí ọsibítù lánàá, lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, bàbá rẹ sì ní kó wọlé. Ó jókòó tì í, ó ń bá a lé eṣinṣin. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ rọ̀. Pe ọkùnrin náà, mo bẹ̀ ọ́!

Màmá rẹ


Bradford
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, 2024

Màmá mi,

Mo pè é títí, kò gbé e. Mo kọ̀wé pé kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ìbínú ni mo fi sọ̀rọ̀. Àárọ̀ yìí ló tó fèsì, gbólóhùn kan péré: "Àǹtí, wọ́n ti gbéra." Ẹ lọ kìlọ̀ fún wọn, Màmá. Ẹ ní kí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn.

Tẹniọlá


Òdòdé, Ìdànrè
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹrin, 2024

Tẹniọlá,

Nígbà tí lẹ́tà rẹ fi máa dé, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ló kó àwọn jàǹdùkú tí Olúsànmí rán wá ní Sátidé yẹn, lójú ọ̀sán gangan, gbogbo Òdòdé ń wò. Wọ́n ń ju ẹrù sílẹ̀ láti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ìkòkò, ẹní, kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Wọ́n fi irun wọ́ Kùdírátù sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orí rẹ̀ ń gbá sìmẹ́ńtì bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ. Àjàgbé ò mú àdá. Láti ọjọ́ tó ti gé bàbá rẹ lọ́wọ́ ni kò ti fọwọ́ kan àdá mọ́, oko rẹ̀ ti di igbó. Ọwọ́ lásán ló fi bá wọn jà nítorí ìyàwó rẹ̀. Ó gé ọ̀kan nínú wọn jẹ lọ́rùn. Wọ́n fi pákó tó ní ìṣó lù ú títí ojú rẹ̀ ò fi ṣeé dá mọ̀, wọ́n gbá orí rẹ̀ mọ́ kìnnìún tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún un gbá. Akinolúwa sáré wọ àárín wọn láti gbà á sílẹ̀, wọ́n ṣẹ́ egungun ìhà rẹ̀. Dúrójaiyé pàápàá, tòun ti èjìká tó fọ́, ń ké pé ó tó, ó tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àjàgbé kú lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gbá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn wọn ti wí.

Mo fẹ́ fi pamọ́ fún bàbá rẹ, ó rí i lójú mi. Ó fa abẹ́rẹ́ omi yọ lápá, ó ní kí n gbé òun lọ sí ojú sàréè. Ó dúró níbẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán gba inú báńdéèjì. Láti ìgbà náà, kò jẹun. Ó ń tu oògùn dà nù, ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń rùn. Dókítà ní bó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní pẹ́ kú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo gbá a létí, èmi Bernadette. Ó ní òun ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Olúsànmí gbé katakata wá, ó wó ilé náà palẹ̀. Ó ní ilé epo lòun fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú méjì nínú àwọn ọmọ yẹn. Olúsànmí ní kì í ṣe òun, ọmọ Matthias ló ní kóun ṣe ohunkóhun tó bá gbà, ó sì ń fi ohun tí o kọ sí i hàn kiri.

Inú ń bí mi sí ọ, Tẹniọlá. Inú ń bí mi dé bi pé bí mo bá ń gbàdúrà, mi ò lè pe orúkọ rẹ.

Bernadette


Bradford
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 2024

Màmá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín. Mi ò sùn. Mo ti sọ fún àwọn tó fẹ́ wá ní oṣù kẹjọ pé kò sí ìrìn kankan mọ́.

Mi ò ní kí wọ́n pa á. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí wọ́n lé ọkùnrin yẹn jáde, kí ẹ̀rù bà á, kó jìyà díẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ bi mí léèrè, màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wálé wá rí Bàbá nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Èmi nìkan ni mo máa wá. Màá kúnlẹ̀ fún obìnrin náà, ohun tó bá ní kí n ṣe ni màá ṣe. Ẹ ṣáà sọ fún mi pé kí n máa bọ̀. Yàrá mi ṣì wà, àbí?

Ọmọ yín,
Tẹniọlá


Òdòdé, Ìdànrè
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2024

Tẹniọlá,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ ti ń mu ẹ̀kọ. Kì í gbà á lọ́wọ́ mi, ọwọ́ Kùdírátù ló ti ń gbà á. Kùdírátù náà ló ń fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí n máa wò wọ́n. Ọkọ rẹ̀ gé ọkọ mi lọ́wọ́, ọmọ mi fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ọkọ tirẹ̀, òun ló tún ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí ọkọ mi lẹ́nu. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń ṣe mí bíi kí n gba abọ́ náà dà nù. Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo ń kúnlẹ̀ fún un nínú ọkàn mi. Ó ní òun ò padà sí Ìwó kí ẹjọ́ tó parí. Yàrá rẹ ni mo fún un.

O ní kí n sọ pé kí o máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ kò dùn lẹ́nu ìyá olè, kí ni kí n wí? Mo bi bàbá rẹ. Ó fi ọwọ́ tó kù fún un tọ́ka sí Kùdírátù.

Mo bá pe Kùdírátù jókòó. Kò mọ̀wé kà, mo ka gbogbo lẹ́tà rẹ sí i létí, mi ò fo ọ̀kankan. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò sì gbójú sókè títí mo fi kà á tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ bá mi bi í pé kí ni orúkọ ọkọ mi."

Mo ní o mọ̀ ọ́n, mo ti kọ ọ́ sí ọ láìmọye ìgbà. Ó ní kí n ka ibi tí ìwọ ti pè é sí òun létí. Mo wọ gíláàsì mi, mo wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ayálégbé" ni mo rí. "Ẹni yẹn" ni mo rí. "Ọkùnrin yẹn" ni mo rí.

Ó ṣì jókòó níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ó ní òun ń retí èsì rẹ.

Ìyá rẹ,
Bernadette